Kolibri, PhET àti Forbidden Island ní kíláàsì ilẹ̀ Òkun: èwo ló ń mú ọmọ ronú?

Bí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kabba tàbí Ìsánlú, ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, bá ní òun fẹ́ náwó sórí ohun tí yóò kọ́ ọmọ ní àròjinlẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì ni àwọn òǹtajà máa ń kọ́kọ́ gbé wá, ọ̀kan fún ọmọ kan. Owó ńlá ni, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á. Ọmọ tó dá jókòó ti tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ yóò máa tẹ ìdáhùn títí ọ̀kan yóò fi bọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló rí tó fi yan èyí. Tábúlẹ́ẹ̀tì kan láàárín ọmọ mẹ́rin sàn ju mẹ́rin láàárín ọmọ mẹ́rin lọ, nítorí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló lè wà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣe tòun gbọ́dọ̀ fi ẹnu ṣàlàyé kí àwọn yòókù tó gbà fún un. Ojú yẹn la fi yẹ nǹkan mẹ́ta wò níhìn-ín: Kolibri, ètò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà; síìmù PhET, àwòrán orí kọ̀ǹpútà tí ọmọ lè fi ọwọ́ sún; àti Forbidden Island, eré inú páálí. A fi ẹ̀kẹrin kún un tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára, ìyẹn káàdì tí tíṣà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Kolibri. Àjọ Learning Equality ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Àpótí ìwé ni ẹ máa fi í pè: fídíò, ìwé kíkà, ìbéèrè àti síìmù ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan, àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì àti fóònù tó kù yóò sì máa kà á láti ara kọ̀ǹpútà náà lórí Wi-Fi inú kíláàsì, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux, macOS, Android àti Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré kan tí a ó máa pè ní Pi). Íntánẹ́ẹ̀tì kò pọn dandan ju ọjọ́ tí ẹ bá ń kó ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ lọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ kejì bá sì ti kó o, ẹ lè fi fúláàṣì gbà á lọ́wọ́ wọn. Fún Yàgbà tàbí Bùnú, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wà lórí òkè kí ó má sì sí ní ìsàlẹ̀, ìwà yìí nìkan tó láti mú un.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ tíṣà kì í ṣàkíyèsí: ojú Kolibri fúnra rẹ̀ wà ní èdè Yorùbá. Ojú ewé tí a fi ń wọlé lẹ ti máa yan èdè náà. Bọ́tìnì àti àkọlé ló yí padà o. Ẹ̀kọ́ Khan Academy (àjọ tó ń ṣe fídíò àti ìdánrawò ọ̀fẹ́) tó wà nínú rẹ̀ kò kúrò ní Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì fi ẹ̀ka èdè tiwọn, Yàgbà, Owé, Ìjùmú tàbí Bùnú, jiyàn lé e lórí. Bí tíṣà bá fi dandan lé e pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi jiyàn, àwọn méjì tó gbọ́ ọ dáadáa ni yóò máa sọ̀rọ̀, àwọn tó kù yóò di òǹwòran.

Ohun èlò tí a yàn fún kíláàsì ọmọ 40: Raspberry Pi 4 kan, káàdì ìrántí 128 GB, tábúlẹ́ẹ̀tì 10, àti páwábáǹkì 20,000 mAh kan fún Pi náà. Pi ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 5. Páwábáǹkì yẹn kó nǹkan bíi 74 Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí) sínú, bí a bá sì yọ ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà kúrò, wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò fi gbé e. Láptọ́ọ̀pù ń jẹ ìlọ́po púpọ̀ èyí, ìdí nìyẹn tí a kò fi yàn án níbi tí iná mànàmáná kò ti ṣeé gbọ́kàn lé. Tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ iná jù: mẹ́wàá tí bátìrì ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5,000 mAh yóò béèrè tó 250 Wh kí gbogbo wọn tó kún. Páńẹ́ẹ̀lì sólà oníwáàtì 100 tó rí oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ yóò kún wọn. Ní oṣù Keje sí Kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá ti ṣú bolẹ̀, ẹ pín wọn sí méjì, kí márùn-ún gba iná lónìí, márùn-ún lọ́la.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ rèé. Àkọ́kọ́ ni fífa wáyà iná Pi yọ lójijì. Káàdì ìrántí tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́ lásìkò yẹn lè bàjẹ́ pátápátá, gbogbo ẹ̀kọ́ àti àkọsílẹ̀ ọmọ yóò sì bá a lọ. Ẹ pa á láti inú kọ̀ǹpútà, ẹ dúró kí iná aláwọ̀ ewé ara rẹ̀ ṣíwọ́ ṣíṣẹ́jú, kí ẹ tó yọ wáyà. Kí ẹ sì ní káàdì kejì tí ẹ ti da gbogbo rẹ̀ kọ sí, nínú dúróà. Ìkejì ni ṣájà fóònù: Pi 4 ń fẹ́ fólítì 5 àti ámpíà 3, ṣájà oníámpíà 1 kò lè gbé e, bí ẹ bá rí àmì mànàmáná kékeré lójú mọnítọ̀, iná kò tó nìyẹn. Ìkẹta, páwábáǹkì púpọ̀ a máa gé iná fún ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí a bá ki wáyà NEPA bọ̀ ọ́ tàbí tí a bá yọ ọ́, èyí tó sì tó láti mú kí Pi kú kó sì tún jí. Ẹ dán an wò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Ìkẹrin, Pi 4 kò ní bátìrì aago. Bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò sọ àkókò fún un, ọjọ́ tí kò bá a mu ni yóò máa kọ sórí iṣẹ́ ọmọ, tíṣà tó ń wo àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí yóò sì rò pé ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi ọwọ́ tún aago rẹ̀ ṣe ní àràárọ̀, tàbí kí ẹ ra aago kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọn.

Wi-Fi inú Pi fúnra rẹ̀ lè gbé ẹ̀rọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Tí ẹ bá kọjá bẹ́ẹ̀, rọ́tà olówó pọ́ọ́kú ló kàn, kò nílò síìmù káàdì. Nínú Chrome ni ọmọ yóò ti tẹ nọ́ḿbà àdírẹ́sì Pi, kí ó sì fi 8080 tẹ̀lé e lẹ́yìn àmì onítótó méjì (:). Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó. Fún àwọn ọmọ kékeré, ẹ wọ inú ètò kí ẹ pa ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ nìkan ni wọn yóò máa tẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdajì pírííọ̀dù ni yóò lọ sórí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí wọ́n gbàgbé.

Ní ti àròjinlẹ̀ tí a bá wá, ìbéèrè Khan Academy inú Kolibri kò tó nǹkan bí a bá lò ó bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ó dára fún ìdánrawò ìṣírò, ó sì ń sọ fún ọmọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ó gbà á tàbí kò gbà á. Ṣùgbọ́n gbígbà ọ̀tọ̀, mímọ ìdí ọ̀tọ̀. Agbára Kolibri wà lẹ́yìn, ní ojú ewé tíṣà: ìdáhùn tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yàn hàn níbẹ̀, tó fi mọ́ èyí tí kò tọ́. Ẹ fún wọn ní ìbéèrè márùn-ún, ẹ wo àṣìṣe tí àwọn tó pọ̀ jù ṣe, kí ẹ kọ àṣìṣe yẹn sójú pátákó láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí ẹ wá bi ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé: “Ẹni tó mú ìdáhùn yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Kí ló rò tó fi dé ibẹ̀?” Ọmọ tó fi 1/2 kún 1/3 tó rí 2/5 ní ìdí tirẹ̀: ó ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá lè sọ ìdí náà, kí wọ́n sì fi hàn pé 2/5 kéré sí 1/2 tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ti ṣe ohun tí fídíò mẹ́wàá kò lè ṣe fún wọn. Tíṣà tí kò bá ní í ṣí ojú ewé yìí, kí ó má wulẹ̀ dáàmú ra Pi.

PhET la gbóríyìn fún jù. Yunifásítì Colorado Boulder ló ń ṣe é láti ọdún 2002. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2001, ló dá a sílẹ̀. Síìmù ni wọ́n, àwòrán tí ọmọ lè fi ọwọ́ sún, kó yí nọ́ḿbà rẹ̀ padà, kó sì rí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà nínú Kolibri bí àkójọ kan, a sì tún lè gba síìmù kọ̀ọ̀kan sórí fúláàṣì bíi fáìlì kan tí Chrome ń ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù àtijọ́ tí Chrome rẹ̀ ti pẹ́ lè má ṣí i dáadáa, nítorí náà ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ tó ti gbó jù lọ́wọ́ yín kó tó di ọjọ́ ẹ̀kọ́.

Ẹ mú Balancing Act. Pákó kan ló wà lórí òpó ní àárín, bíi jáńgílọ́fà, pẹ̀lú bíríkì 5, 10, 15 àti 20 kg. Ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tó ní ojú mẹ́ta: ohun tí a rò, ìdí tí a fi rò ó, ohun tó ṣẹlẹ̀. Òfin kan ló wà: tábúlẹ́ẹ̀tì dojú bolẹ̀ títí ojú méjì àkọ́kọ́ yóò fi kún. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, bí bíríkì 20 kg bá wà ní mítà 1 lápá òsì, ibo ni ti 10 kg yóò wà lápá ọ̀tún kí pákó tó dúró gbọọrọ? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yóò dé mítà 2 lẹ́yìn àríyànjiyàn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ pé: ti 5 kg ńkọ́? Wọn yóò gbé e lọ sí ìpẹ̀kun pákó, kò sì ní gbé 20 kg. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Mítà 4 ló ń fẹ́, pákó kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ní “kò ṣeé ṣe” gba ìdajì máàkì. Èyí tó bá ní “kò ṣeé ṣe àfi tí a bá sún 20 kg wá sí ìlàjì mítà” gba gbogbo rẹ̀. Àwọn ẹrù tí a kò kọ ìwọ̀n wọn sí lára wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ẹ ní kí wọ́n fi àgbéwò mẹ́ta péré wá ìwọ̀n ọ̀kan. Ìgbà tí iye àgbéwò bá ní ààlà ni ọmọ máa ń kọ́kọ́ fẹnu rò ó. Bí kò bá sí ààlà, wọn yóò kàn máa gbé e síbí gbé e sọ́hùn-ún títí yóò fi bá a mu.

Ẹ má fi mọ síbẹ̀. Ẹ fi rúlà 30 cm lé pẹ́ńsù onígun mẹ́fà (èyí tó róbótó yóò máa yí), kí ẹ fi ọmọ ayò ṣe ìwọ̀n: mẹ́rin ní sẹ̀ǹtímítà 5, méjì ní sẹ̀ǹtímítà 10. Kò ní bá a mu pátápátá, torí ọmọ ayò kò wúwo dọ́gba, pẹ́ńsù náà sì lè má wà ní àárín gan-an. “Kí ló dé tí tọwọ́ wa kò fi rí bíi ti kọ̀ǹpútà?” Ìbéèrè tó dára jù lọ nínú gbogbo pírííọ̀dù náà nìyẹn, ó sì ń bo àbùkù kan tí PhET ní: ó mọ́ jù. Ọmọ tó bá mọ síìmù nìkan yóò rò pé ayé kò ní àṣìṣe ìwọ̀n.

Circuit Construction Kit náà dára fún JSS. Bátìrì 9 V, gílóòbù 10 Ω: iná tó ń kọjá jẹ́ 0.90 A. Ẹ fi gílóòbù kejì tẹ̀lé àkọ́kọ́ lójú wáyà kan náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò kọ ọ́ pé àkọ́kọ́ yóò tàn ju èkejì lọ, nítorí ó ti “jẹ” lára iná náà kó tó dé ọ̀dọ̀ èkejì. Àwọn méjèèjì yóò tàn bákan náà, 0.45 A. Bí wọ́n bá wá so wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 0.90 A, bátìrì sì ń mú 1.80 A wá. Ẹ fojú sílẹ̀ o: gbàrà tí ọmọ kan bá mọ̀ pé síso wáyà lásán mọ́ orí méjèèjì bátìrì ń mú iná sọ, gbogbo kíláàsì ni yóò máa dáná. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti dáná náà tẹ́rùn níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n ìdí tí ti gílóòbù kò fi gbiná.

Forbidden Island ni eré àjùmọ̀ṣe inú páálí tí Gamewright gbé jáde ní 2010. Matt Leacock ló ṣe é. Ènìyàn 2 sí 4, ọdún 10 sókè, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Táìlì 24 ló para pọ̀ di erékùṣù tó ń rì sínú omi. Gbogbo òṣèré wà ní ẹgbẹ́ kan náà, omi ni ọ̀tá wọn: wọn yóò kó ìṣúra mẹ́rin, kí gbogbo wọn sì jọ fò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó bá kan òṣèré kan, ó ní ohun mẹ́ta láti ṣe, yóò mú káàdì ìṣúra méjì, lẹ́yìn náà ni omi yóò gun àwọn táìlì kan. Ìṣúra kan ń fẹ́ káàdì mẹ́rin irú kan náà, káàdì tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ, nítorí náà ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Gbogbo ìgbà ni ìbéèrè wà: ṣé ká gbẹ omi ibí yìí, àbí ká sáré gbé káàdì fún Bọ́lá? Kò sí ọmọ Kogi tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ìkún omi fún. Ẹni tó bá rántí 2022, nígbà tí omi gba ojú ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Àbújá, mọ ohun tó túmọ̀ sí pé ọ̀nà kan dí, kí a wá òmíràn.

Àbùkù rẹ̀ méjì ló wúwo. Èkíní, ọmọ kan tó já fáfá lè gba eré náà ṣe fún gbogbo wọn: “ìwọ lọ síbẹ̀, ìwọ fún un ní káàdì yẹn.” Àwọn mẹ́ta tó kù di ọwọ́ lásán. Ìwé òfin ní kí káàdì wà ní gbangba. Ẹ yí i padà, kí kálukú di tirẹ̀ mú, kí ó máa fi ẹnu sọ ohun tó ní. Kí ẹ sì fi òfin kejì kún un: ẹni tó kàn láti ṣeré ni yóò kọ́kọ́ sọ èrò tirẹ̀ pẹ̀lú ìdí kan, kí ẹlòmíràn tó dá sí i. Èkejì, páálí kan kò ju ọmọ mẹ́rin lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì jẹ́ òṣèré kan, ó di mẹ́jọ. Àṣírí rẹ̀ ni pé àwọn méjì yẹn gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ yóò kọjá wákàtí kan. Kò bá pírííọ̀dù ìṣẹ́jú 40 mu. Ẹgbẹ́ ọ̀sán lẹ́yìn ilé ìwé ló yẹ fún. Fún kíláàsì 40, a kò ní kí ẹ rà á.

Ohun tí a ní kí ẹ ṣe fún kíláàsì ńlá nìyí, owó rẹ̀ kò ju ti páálí àti bírò lọ. Ẹ gé káàdì mẹ́rin, 8 cm sí 5 cm. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò gbọ́: oníṣòwò mẹ́rin wá láti Kabba, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ẹrù wọn ni iṣu, kajú, kọfí àti epo pupa, kálukú ní ẹyọ kan. Ta ló ru kí ni? Káàdì 1: ará Kabba kò ru iṣu, kò sì ru epo. Káàdì 2: ẹni tó ru kọfí kò ti Kabba wá. Káàdì 3: ará Ìsánlú ru epo tàbí kajú. Káàdì 4: ará Mọ̀pà kò ru iṣu. Ọmọ kan, káàdì kan. Ó lè ka ti ọwọ́ rẹ̀ sókè iye ìgbà tó bá wù ú, kò gbọdọ̀ fi hàn, kò sì gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn.

Kajú ni ti Kabba, epo ni ti Ìsánlú, kọfí ni ti Mọ̀pà, iṣu ni ti Ẹ̀gbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí bí a ṣe hun ún: bí ẹ bá yọ ẹyọ kan nínú káàdì mẹ́rin náà, ìdáhùn yóò ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ tó máa ń dákẹ́ kò lè dákẹ́ níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ kò parí láìsí tirẹ̀. Ọmọ tó máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu kò sì lè dá a rò. Nígbà tí ẹ bá ń hun tiyín, ẹ dán an wò bẹ́ẹ̀, ẹ bo káàdì kan, kí ẹ wò ó bóyá ìdáhùn méjì yóò yọ. Bí kò bá yọ, káàdì yẹn kò ní iṣẹ́, ẹni tó bá sì bọ́ sí lọ́wọ́ yóò jókòó lásán. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ tíṣà nìyẹn. Èyí tó tẹ̀lé e ni kíkọ “kò” méjì tàbí mẹ́ta sínú gbólóhùn kan. Ọmọ prámárì 4 yóò sọnù sínú rẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ bá parí, ẹ má béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ wọn ní kíákíá. Ẹ nawọ́ sí ẹnikẹ́ni nínú mẹ́rin, kí ó sọ bí wọ́n ṣe mọ̀ pé kajú ni ti Kabba. Tí kò bá lè sọ ọ́, ẹgbẹ́ náà kò tíì parí, kí wọ́n padà lọ ṣàlàyé fún un. Wọ́n á ti mọ̀ pé ẹ lè nawọ́ sí ẹni tó rẹlẹ̀ jù, nítorí náà wọn kò ní fi í sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ayò ọlọ́pọ́n wà nílẹ̀ pẹ̀lú, ihò 12, ọmọ ayò 48. Ìdíje ni, kì í ṣe àjùmọ̀ṣe, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ọmọ méjì sí apá kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sọ ihò tí ọmọ ayò ìkẹyìn yóò bọ́ sí kí wọ́n tó gbá. Bí wọ́n bá sọ ọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀, ó di ti àwọn tó wà ní apá kejì láti gbá.

Bí owó kò bá sí rárá, káàdì àti ayò ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Bí láptọ́ọ̀pù kan bá ti wà lọ́wọ́ tíṣà, ẹ gba PhET sórí rẹ̀, kí gbogbo kíláàsì máa wo ojú kan náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ àsọtẹ́lẹ̀ tirẹ̀ sínú ìwé. Pi, Kolibri àti tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá di ìgbà tí ẹnì kan bá wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa ẹ̀rọ náà dáadáa, láti gba iná sí i, àti láti ka ojú ewé tíṣà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Forbidden Island wà fún ẹgbẹ́ ọ̀sán àti ibi ìkàwé. Ní ti káàdì, ẹ fi téèpù tó mọ́ gaara bo ojú wọn, kí ẹ kọ nọ́ḿbà ìṣòro sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ka mẹ́rin-mẹ́rin pé kí ẹgbẹ́ tó dìde. Ìṣòro tí káàdì rẹ̀ kan ti sọnù kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo mọ́, àwọn ọmọ yóò sì máa jà lé e lórí láìmọ ohun tó fà á.